Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wo ló yẹ kẹ́ ẹ so? Àyẹ̀wò irú mẹ́ta tó wà nílẹ̀

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojúlé dé ojúlé kì í ṣe irú kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ búlúù tàbí funfun ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, tí ọ̀rá tí wọ́n dì wọ́n sí sì jọra. Oògùn tó wà lára òwú ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Oògùn yẹn ló máa pinnu bóyá ẹ̀fọn tó bà lé nẹ́ẹ̀tì yóò kú, tàbí yóò kàn máa rìn lára rẹ̀ títí yóò fi rí ihò tó máa gbà wọlé. Orúkọ oògùn náà wà lára lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n rán mọ́ etí nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó. Ó yẹ ká máa wò ó, torí irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ báyìí, ọ̀kan nínú wọn dára ju méjì yòókù lọ dáadáa, inú ara ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ la sì ti máa rí ìdí rẹ̀.

Kí n tó máa pín wọn sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí n fún nẹ́ẹ̀tì ní ọlá tó tọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ìṣirò ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 2000 sí 2015, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 663 mílíọ̀nù ìgbà ni ibà ì bá mú èèyàn, àmọ́ tí kò rí wọn mú. Nínú gbogbo 100, nẹ́ẹ̀tì olóògùn ló ni 68, tábúlẹ́ẹ̀tì ACT tí wọ́n fi ń wo ibà ló ni 22, oògùn tí wọ́n ń fín sára ògiri ló ni 10. Aṣọ tí àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀ yanturu ń rà ní nǹkan bíi dọ́là 2 ló ṣe iṣẹ́ ńlá yìí. Síbẹ̀, lọ́dún 2023, ibà pa nǹkan bí 597,000 èèyàn lágbàáyé, bíi 31 nínú gbogbo 100 wọn ló sì kú sí Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Torí náà, irú nẹ́ẹ̀tì tí ilé kan ń so kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Irú àkọ́kọ́ ni èyí tí oògùn kan ṣoṣo wà lára rẹ̀, láti inú ẹbí oògùn tí wọ́n ń pè ní pyrethroid. Tó bá jẹ́ PermaNet 2.0, deltamethrin lẹ máa rí lórí lébẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ Olyset, permethrin ni. Tó bá jẹ́ Interceptor lásán, alpha-cypermethrin ni. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ń lù lára ẹ̀fọn. Lára iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ara ẹ̀fọn, ojú-ọ̀nà tíntìntín wà tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé. Ó máa ń ṣí, á sì tún pa dé lójú ẹsẹ̀. Pyrethroid kì í jẹ́ kó pa dé mọ́. Iṣan náà á máa ta ṣáá láìdúró, ẹ̀fọn á gbọ̀n, á ṣubú, á kú. Ẹ̀fọn tí oògùn yìí ṣì ń ràn máa ń ṣubú kí wákàtí kan tó pé. Ara èèyàn ní tiẹ̀ tètè máa ń fọ́ oògùn náà sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀nba tó sì wà lára nẹ́ẹ̀tì kò tó ohun tó lè pa èèyàn lára, ìdí nìyẹn tí ọmọ ìkókó fi lè sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti aṣọ, méjì ni ká mọ̀. Òwú Olyset jẹ́ polyethylene, ó nípọn, ó le díẹ̀ lọ́wọ́, ihò rẹ̀ sì tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Inú òwú gan-an ni oògùn rẹ̀ wà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ síta. PermaNet 2.0 àti Interceptor jẹ́ polyester, wọ́n rọ̀, wọ́n rọrùn láti ká, ojú òwú ni oògùn wọn sì wà. Bí òwú ṣe nípọn tó, denier ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 75 ni èyí tó tín-ín-rín, 100 ló sàn, 150 ni ti Olyset. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan polyester, ẹ má gba 75 tí 100 bá wà, torí etí pákó bẹ́ẹ̀dì máa ń tètè fa 75 ya.

Bí ẹ̀fọn ilẹ̀ wa bá ṣì rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé nẹ́ẹ̀tì olóògùn jáde, àyẹ̀wò yìí ì bá parí síbí. Ó ti yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni ara ẹ̀fọn mọ́ oògùn, bí ara ọ̀mùtí ṣe ń mọ́ ọtí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tí oògùn lè pa, yóò pa á ni, kò ní fún un láyè kó kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀fọn tó wà lágbègbè kan, ìwọ̀nba kan wà tí wọ́n bí tòun ti àyípadà kékeré nínú jíìnì wọn, kí oògùn tó dé rárá. Nígbà tí oògùn bá pa àwọn yòókù tán, àwọn wọ̀nyí ló máa ṣẹ́kù láti yé ẹyin. Abo kan lè yé ẹyin 50 sí 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbóná bíi tiwa, láti ìgbà tí ẹyin bá bọ́ sínú omi títí tí ẹ̀fọn á fi fò kò ju bí ọjọ́ 10 sí 14 lọ. Ìran ẹ̀fọn tó ń kọjá láàárín ọdún kan ju mẹ́wàá lọ, nígbà tí ìran èèyàn kan ṣoṣo ń gba bí ọdún 25. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe pé kó lò tó ọdún mẹ́ta yóò bá ju ọgbọ̀n ìran ẹ̀fọn lọ jà kó tó gbó. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹfolúṣọ̀n nìyẹn, inú yàrá tí à ń sùn ló sì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ibi tí ayé ti kọ́kọ́ rí i. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ní ìwọ̀-oòrùn Sókótó, wọ́n ṣàkíyèsí pé dieldrin, oògùn kan tí wọ́n ń fín sára ògiri, kò pa Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, mọ́, ìròyìn rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1956. Dieldrin ti kúrò nílẹ̀ báyìí. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni DDT, oògùn kòkòrò àtijọ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Paul Müller rí agbára rẹ̀ lọ́dún 1939, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 1948. Ojú-ọ̀nà sódíọ̀mù kan náà ni DDT àti pyrethroid jọ ń lù. Torí náà, ẹ̀fọn tó bá bọ́ lọ́wọ́ DDT nígbà yẹn ti ní ohun tó máa fi bọ́ lọ́wọ́ nẹ́ẹ̀tì, kí nẹ́ẹ̀tì tó dé. Oògùn tí wọ́n ń fín sí oko òwú àti ọgbà ẹ̀fọ́ náà dá kún un, torí pé ó máa ń ṣàn wọ inú omi tó dúró sẹ́bàá ebè, níbi tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí.

Àyípadà náà kéré débi tó fi yani lẹ́nu. Ẹyọ kéékèèké tó tò léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ni ojú-ọ̀nà sódíọ̀mù fi ara kọ́. Ní ipò 1014 lára wọn, ẹyọ tí wọ́n ń pè ní leucine jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní phenylalanine bọ́ síbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ti tó kí oògùn má rí ibi dì mú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n rí ẹ̀fọn tí pyrethroid kò ràn ní Bouaké ní Côte d'Ivoire. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Benin tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra nẹ́ẹ̀tì mọ̀. Wọ́n mú nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ní ihò, wọ́n so ó sínú ahéré ìwádìí níbi méjì: ní Malanville lápá àríwá, létí odò Ọya, àti ní Ladji ní Cotonou. Ní Malanville, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀fọn tó wọlé ló kú. Ní Ladji, nǹkan bí 30 nínú 100 ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì mu ẹ̀jẹ̀ lọ. Nẹ́ẹ̀tì kan náà, oògùn kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà.

Ẹ má torí èyí ju irú àkọ́kọ́ nù o. Bí kò bá ya, aṣọ rẹ̀ nìkan ti tó láti dá ẹ̀fọn dúró, oògùn náà sì ṣì ń lé àwọn kan sẹ́yìn. Bí òun nìkan lẹ bá rí, ẹ so ó. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé gbàrà tó bá ti ní ihò, ààbò rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn.

Irú kejì ni èyí tí wọ́n fi PBO (piperonyl butoxide) kún pyrethroid. Ká tó lè mọ iṣẹ́ rẹ̀, a ní láti mọ ohun kejì tí ẹ̀fọn fi ń bọ́ lọ́wọ́ ikú, yàtọ̀ sí ojú-ọ̀nà sódíọ̀mù. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní P450, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọ́ májèlé tó bá wọ ara. Èèyàn ní tirẹ̀, ẹ̀fọn náà ní. Àwọn ẹ̀fọn kan wà tí ara wọn ń ṣe é ní ìlọ́po-ìlọ́po, tó fi jẹ́ pé kí pyrethroid tó dé ọ̀dọ̀ iṣan, wọ́n ti fọ́ ọ tán. PBO fúnra rẹ̀ kì í pa ẹ̀fọn. Ṣe ló máa ń so ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, kí pyrethroid lè ráyè ṣiṣẹ́. Ní Muleba ní Tanzania, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé ní ìpẹ̀kun ọdún àkọ́kọ́, ibà lára àwọn ọmọdé tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì PBO dín kù gan-an sí ti àwọn tó ń lo irú àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fọwọ́ sí i lọ́dún 2017.

Àbùkù rẹ̀ ni pé PBO kì í pẹ́ lára nẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ó ń lọ, bí ọdún kejì bá sì fi máa parí, àǹfààní tó fi ju irú àkọ́kọ́ lọ ti dín kù púpọ̀. Ohun mìíràn tí èèyàn lè má mọ̀: lára Olyset Plus, PBO wà yí ká gbogbo nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n lára PermaNet 3.0, òrùlé nẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ torí pé òkè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn máa ń kọ́kọ́ bà lé nígbà tí wọ́n bá gbóòórùn èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ so PermaNet 3.0, ẹ má ṣe dojú rẹ̀ dé, ẹ má sì gé òrùlé rẹ̀ kúrò láti fi ṣe kọ́tìnì.

Irú kẹta ni ààyò mi, òun ni mo sì máa sọ pé kí gbogbo ilé wá. Oògùn méjì ló wà lára rẹ̀, pyrethroid kan àti chlorfenapyr. Interceptor G2 ló kọ́kọ́ jáde: mílígíráàmù 100 alpha-cypermethrin àti mílígíráàmù 200 chlorfenapyr lára mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. PermaNet Dual tẹ̀ lé e, deltamethrin ni ìyẹn fi ti chlorfenapyr lẹ́yìn.

Ọgbọ́n tó wà nínú chlorfenapyr wú mi lórí gan-an. Bó ṣe wà lára nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe májèlé tó lágbára. Inú ara ẹ̀fọn ló ti ń di májèlé, P450 yẹn gan-an, ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀fọn fi ń fọ́ pyrethroid, ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń wọ inú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára tó ń lò, á sì dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró. Ẹ̀fọn tó ní P450 púpọ̀, tó fi ń yọ lọ́wọ́ nẹ́ẹ̀tì àtijọ́, òun ni yóò tètè sọ chlorfenapyr di ikú fún ara rẹ̀. Ohun tó fi borí la fi mú un. Kò sì kan ojú-ọ̀nà sódíọ̀mù rárá, nítorí náà àyípadà ipò 1014 kò wúlò fún ẹ̀fọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ilẹ̀ Benin, ní ẹkùn Zou, ní Cové, Zagnanado àti Ouinhi, wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì oríṣi mẹ́ta (pyrethroid nìkan, Interceptor G2 àti Royal Guard) fún abúlé lóríṣiríṣi, wọ́n sì tọ àwọn ọmọdé lẹ́yìn fún ọdún méjì. Níbi tí wọ́n ti lo Interceptor G2, iye ìgbà tí ibà mú ọmọdé fi 46 nínú 100 dín sí ti ibi tí wọ́n ti lo pyrethroid nìkan. Lọ́dún 2023 ni àbájáde náà jáde. Ní Misungwi ní Tanzania, ọdún kan ṣáájú ìyẹn, 44 nínú 100 ni ìyàtọ̀ náà. Ibi méjì tó jìnnà síra, ẹ̀fọn tó yàtọ̀ síra, èsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Royal Guard, oríṣi mìíràn tí kò sí lára irú mẹ́ta tí mò ń sọ, tí wọ́n fi pyriproxyfen sí kí abo ẹ̀fọn má lè bímọ mọ́, wà nínú ìwádìí méjèèjì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí ju nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ. Ní March 2023, WHO dámọ̀ràn nẹ́ẹ̀tì chlorfenapyr fún ibi tí pyrethroid kò bá ti pa ẹ̀fọn mọ́, ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà sì wà nínú ìyẹn.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń fi kan irú kẹta yìí, tó sì yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ ṣáájú: kì í pa ẹ̀fọn lójú ẹni. Pyrethroid máa ń gbé e ṣánlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, chlorfenapyr lè gba ọjọ́ kan títí dé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀fọn á fò kúrò lára nẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, ibòmíràn ló ti máa kú. Ẹni tó bá ń fi òkú ẹ̀fọn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn agbára nẹ́ẹ̀tì á sọ pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Bákan náà ni ẹni tó ń fi ìdun wọ̀n ọ́n. Ìdun náà ti ní àyípadà tirẹ̀ lábẹ́ pyrethroid, kò sì sọ ohunkóhun fún wa nípa ibà. Ẹ̀fọn gọ́tà tó ń kùn létí láti alẹ́, ìyẹn Culex, kì í gbé ibà, ọ̀pọ̀ wọn ni pyrethroid kò sì ràn mọ́. Anopheles ni tiwa, ẹ máa mọ̀ ọ́n níbi tó bá bà sí: ó máa ń gbé ìdí sókè. Òru ló sábà máa ń jẹni, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí, abo nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ní ti rírà, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “chlorfenapyr” lórí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lórí ọ̀rá nìkan, torí èèyàn lè pààrọ̀ ohun tó wà nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá rí “PBO” tàbí “piperonyl butoxide”, irú kejì ni. Bí ẹ bá rí orúkọ oògùn kan ṣoṣo tó parí sí “-methrin”, irú àkọ́kọ́ ni. Bí lébẹ́ẹ̀lì kò bá sí rárá, aṣọ lásán lẹ rà. Nẹ́ẹ̀tì alágboòrùn tí wọ́n ń tà lójú pópó àti èyí tó ń dìde fúnra rẹ̀ bí àgọ́ sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n wulẹ̀ lẹ́wà ni. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kì í ṣe fún títà, tó sì wà lọ́jà, ọ̀fẹ́ ni ìjọba tàbí àjọ aláàánú ti rà á fún ẹnì kan.

Bí nẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì fẹ́ ẹ síbi tí òjìji wà, tí atẹ́gùn ń gbà, fún wákàtí 24. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, tí ojú wọn fi ń yún wọn, tí awọ ojú ń ta wọ́n lálẹ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì jù ú sílé ìkẹ́rùsí. Alpha-cypermethrin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ má sá a sínú oòrùn, torí oòrùn ń ba pyrethroid jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín gùn ní nǹkan bí 180 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 160 tàbí 180, gíga rẹ̀ 150. Mátírẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà jẹ́ 183 sí 183. Ìyẹn ni pé ẹni tó sùn létí máa fi apá kan nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn sì lè gba ojú ihò aṣọ jẹ ẹ́ láti ìta. Fún bẹ́ẹ̀dì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọdé sùn láàárín. Ìṣó mẹ́rin lára ògiri, okùn tó lágbára ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òrùlé nẹ́ẹ̀tì tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó láti fi bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà kì bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì yí ká. Níbi tí ìṣó kò bá lè wọ ògiri, igi mẹ́rin tí a so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń sùn lórí ẹní, ẹ ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Kì í ṣe aago mẹ́wàá ni ká tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni, kí ẹ̀fọn má baà ti wọ inú rẹ̀ kí ẹ tó dé.

Ooru ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ̀ ọ́, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Nígbà tí iná kò bá sí, tí fáànù kò ṣiṣẹ́, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì máa ń móoru. Fífi bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, àti síso ó kó fẹ̀ dáadáa dípò kó rọ̀ jọ, ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ gbé fáànù síta nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí i.

Fífọ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n ṣe oògùn náà pé kó ṣì lágbára lẹ́yìn fífọ̀ 20. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ á lo 20 yẹn tán láàárín oṣù márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti tó. Omi tútù, ọṣẹ ẹlẹ́yọ tí kò le, ọwọ́ lásán. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, kò gbọdọ̀ jẹ́ bílíìṣì, kì í ṣe omi gbígbóná, ẹ má rin ín mọ́ òkúta. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Ẹ má fọ̀ ọ́ sínú odò tàbí adágún, ẹ má sì da omi rẹ̀ síbẹ̀, torí pyrethroid máa ń pa ẹja.

Ihò ni kẹ́ ẹ máa wò lóṣooṣù. WHO pín ihò sí mẹ́rin: èyí tí kò tó kí àtàǹpàkò wọ̀, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí ẹ̀ṣẹ́ kò lè wọ̀, èyí tó ju ẹ̀ṣẹ́ lọ àmọ́ tí orí kò lè wọ̀, àti èyí tí orí lè wọ̀. Nínú ìṣirò wọn, ihò ìwọ̀n àkọ́kọ́ kan jẹ́ 1, ti ìwọ̀n kejì jẹ́ 23, ti ìwọ̀n kẹta jẹ́ 196, ti ìwọ̀n kẹrin jẹ́ 576. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá kéré sí 65, nẹ́ẹ̀tì ṣì dára. Bó bá ti ju 642 lọ, ó ti gbó. Ìyẹn fi hàn pé ihò ìwọ̀n kejì mẹ́ta péré ti mú un kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó dára. Òwú àti abẹ́rẹ́ ń tún un ṣe, kódà kẹ́ ẹ di ihò náà ní kókó dára ju kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ. Etí bẹ́ẹ̀dì, eku, àti iná àbẹ́là ni olórí ohun tó ń lu ú. Eku kì í wá jẹ òwú lásán, oúnjẹ tí ọmọdé jẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ló ń wá.

Irú nẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ ẹ tún wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí owó. Ní April 2000, àwọn olórí ìjọba Áfíríkà pàdé ní Abuja, wọ́n sì ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2005, ó kéré tán 60 nínú 100 àwọn tí ibà lè ṣe lọ́ṣẹ́ jù á máa rí ìdènà bíi nẹ́ẹ̀tì lò, wọn á sì mú owó orí kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ilé ní Nàìjíríà lọ́dún 2008, ilé 8 péré nínú 100 ló ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn. Owó láti òkèèrè, láti Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń náwó lé ìgbógunti ibà, àti láti ètò ibà ìjọba Amẹ́ríkà, ló gbé púpọ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ní October 2022, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tó ń rí sí gbèsè kọ owó yíyá mílíọ̀nù 200 dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi ra nẹ́ẹ̀tì àti oògùn ibà fún ìpínlẹ̀ 13. Ó tọ́ kí aṣòfin béèrè ibi tí owó ń lọ. Lójú tèmi, ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù ni irú èwo nínú mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rà, torí irú kẹta wọ́n díẹ̀ ju irú àkọ́kọ́ lọ, ẹni tó bá ń wá iye nẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ jù láti kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n á lọ ra irú àkọ́kọ́. Ní January 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró, ní July ọdún náà wọ́n ti USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, pa. Ìjọba ń ṣètò ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀fọn ń ṣètò tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí a bá sì fi chlorfenapyr nìkan bo ibi gbogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣọ́ ẹ̀fọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí pyrethroid lè ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Àwọn tó ń mú ẹ̀fọn wò ní yunifásítì àti ibùdó ìwádìí wa nílò owó gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ra nẹ́ẹ̀tì ṣe nílò rẹ̀.

Ara èèyàn náà ti yí padà nítorí ibà. Lọ́dún 1954, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Allison fi hàn pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le. Ìdí nìyẹn tí AS fi pọ̀ láàárín wa. Ọmọ tó jẹ́ SS ló san owó ààbò yẹn, ibà sì máa ń ṣe é ju àwọn yòókù lọ. Bí nẹ́ẹ̀tì irú kẹta bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ilé, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ SS, aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ sùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà R21 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Kebbi àti Bayelsa ní December 2024 kò gba ipò nẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀tápíápíá kò wà lára ohun tí mò ń fi wé nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ní dichlorvos nínú ti pa èèyàn, NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé dára, ẹ so méjèèjì.

Nẹ́ẹ̀tì tó gbó, ẹ má sọ ọ́ nù títí tuntun á fi dé. Bí tuntun bá dé, ẹ má fi àtijọ́ pẹja, torí ihò rẹ̀ kéré débi pé ó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà, oògùn tó kù lára rẹ̀ sì ń bọ́ sínú omi. Ẹ má sun ún lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rá tó wá nínú rẹ̀, ẹ má fi kó gààrí tàbí èlùbọ́ sí.